Ohun Tí Àkókò Bá Mú Wá Ni Kí A Fi Bọ́ Ọmọ Wa

Àwọn baba wa a máa wí pé ìgbà ara là á búra, ẹnì kan kì í bú Ṣàngó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun gbogbo ni ó ní ìgbà tirẹ̀, oúnjẹ kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Tòmátò ní ìgbà tirẹ̀, àgbàdo ní tirẹ̀, máńgòrò, iṣu titun àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sì ní tiwọn. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà wọ̀nyí, tí ó sì ń tẹ̀lé wọn bí ó bá ń ná ọjà, owó díẹ̀ ni yóò fi bọ́ ilé rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò ná owó púpọ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì ní jẹ ohun tí yóò ṣe é ní àǹfààní.

Ẹ wo ọjà Ìkòtún ní oṣù keje ọdún, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ìyá ilé á pé lé ẹni tí ń ta tòmátò, wọn á máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi díẹ̀ sí i, owó tí wọ́n sì mú wá kò ní tó ra ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀, àgbàdo tútù wà ní òkìtì-òkìtì, ewédú, ṣọkọ, gbúre àti tẹ̀tẹ̀ sì wà ní ìdì-ìdì, àwọn tí ń tà wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a wá rà kí ó tó rọ. Bí ó ti ń rí ní Ìkòtún ni ó ń rí ní Ìgándó àti ní Ẹgbẹ́dá. Lójú tiwa, kì í ṣe ọ̀wọ́n oúnjẹ nìkan ni ó ń fi ìyà jẹ wá ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Àìmọ ìgbà oúnjẹ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì ni a lè fi ọwọ́ ara wa tún ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ti rí látijọ́. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ìgándó, Ìdímù àti Ìṣẹrì Ọ̀ṣun, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì gba ilẹ̀ káàkiri wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, abẹ́ ìjọba náà ni agbègbè yìí wà. Ọdún 1967 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti oko bàbá rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà kò dúró kí olùkọ́ sọ fún un ìgbà tí àgbàdo ń gbó. Ṣùgbọ́n oko ti di ilé, ọ̀nà ẹsẹ̀ ti di títì. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń bí sáàárín wa báyìí, àtẹ ọjà ni oko wọn. Bí a kò bá sọ fún wọn, wọn kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ní oṣù tí ó fi ń fún ni ní nǹkan, ó sì ní oṣù tí ó fi ń sinmi.

Kí ni ó fà á tí ohun tí kò sí ní ìgbà rẹ̀ fi ń wọ́n? Ẹ jẹ́ kí a fi tòmátò ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú tòmátò tí a ń jẹ ní Èkó, láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya ni ó ti ń wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín níbẹ̀, wọn a máa fa omi odò sí i, nítorí òjò àpọ̀jù a máa mú kí ó rà. Nítorí náà, láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí òjò bá dé, ti oko á tán, èyí tí ó bá kù á jẹrà lójú ọ̀nà jíjìn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àwa tí a bá rà á ni a ó sì san owó èyí tí ó jẹrà mọ́ èyí tí kò jẹrà. Nígbà mìíràn kòkòrò á tún gorí rẹ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí a wí yìí, epo ni ó ń mu. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀ ti gun òkè, oúnjẹ sì bá a gun òkè. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tí ń kó ìṣirò jọ fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye tí a fi ń ra oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Oúnjẹ tí ó bá jìnnà sí wa, tí kì í sì í ṣe ìgbà rẹ̀, owó méjì ni a ń san lé e lórí: owó ọ̀nà àti owó ọ̀wọ́n. Èyí tí ó bá wà nítòsí, tí ó sì bọ́ sí ìgbà rẹ̀, kò ní ẹrù méjèèjì yìí lórí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni a ń sọ. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe nípa ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé, nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tí ì pé ọdún 5, 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ràn, tí wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú àwọn ọmọ tí ó ti lé ní oṣù 6, 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò jókòó sí kíláàsì, yóò máa wo olùkọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò ní wọ̀ ọ́ lórí. Àwa a sì máa pè é ní olódo, bẹ́ẹ̀ ni kò ya olódo. Àwo rẹ̀ ni kò pé. Ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀wà, ẹja àti èso wà lára ohun tí ó lè tún un ṣe, gbogbo wọn ni a sì lè rí rà ní ọjà wa bí a bá mọ ìgbà wọn.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ bí ọdún ti ń yí ní ilẹ̀ wa. Àgbálùmọ̀ a máa wọ ọjà ní oṣù kejìlá, a sì máa wà títí di oṣù kẹrin. Fítámì C inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọsàn mímu a máa pọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ inú ọdún titun. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà ni ìgbà máńgòrò, èyí tí ó ní fítámì A tí ń ran ojú lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù kẹrin lọ, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ilá á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni ti àgbàdo tútù, ẹ̀pà tútù á sì tẹ̀lé e. Iṣu titun á dé ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ́ nígbà tí ìkórè bá ti gbilẹ̀. Ẹ̀wà titun a máa ti Òkè Ọya dé ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Ìgbà náà ni kí ẹni tí ó bá lágbára rà á pamọ́. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ni a fi ń dí àlàfo.

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ ti ẹnu lásán. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé oúnjẹ mélòó kan tí ìdílé tí kò ní owó púpọ̀ lè sè, kí ọmọ 4 tàbí 5 sì jẹ ẹ́ yó.

Èkínní ni àdàlú, oúnjẹ ìgbà òjò. Ẹ wá ẹ̀wà agolo mílíìkì 3 àti àgbàdo tútù 4 tàbí 5. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ní alẹ́, kí ó lè tètè jinná ní òwúrọ̀, kí epo sítóòfù tàbí gáàsì yín má baà jó dànù. Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi mìíràn. Bí ẹ̀wà náà bá ti fẹ́ rọ̀, ẹ yin àgbàdo náà sí i, kí ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30. Ẹ fi ata, àlùbọ́sà tí a gé, edé gbígbẹ díẹ̀, iyọ̀ àti epo pupa ṣíbí ìdáná 2 tàbí 3 sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dákẹ́ lórí iná díẹ̀. Ẹ má ṣe fi káún sè é. Lóòótọ́ ni ó ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba ọ̀kan nínú fítámì inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìyá wa àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo gbọ́n ju bí a ti rò lọ. Àwọn onímọ̀ fi hàn pé èròjà amáradàgbà tí ó dín nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Èyí tí ó sì dín nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Bí a bá jẹ àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n a máa ṣe ara ní àǹfààní ju kí a jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.

Èkejì ni ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gúsí tí kò ní tòmátò rárá, fún oṣù tí tòmátò bá wọ́n. Ẹ ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ìdì ńlá 3. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí ohun dáradára inú rẹ̀ yóò bá omi lọ. Ẹ gún ata rodo díẹ̀ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà 1. Ẹ gbé epo pupa kaná, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbóná títí tí yóò fi funfun, nítorí àwọ̀ pupa náà gan-an ni fítámì A ti ń wá. Ẹ da ata náà sí i pẹ̀lú ìrù ẹ̀kún ṣíbí 1, kí òórùn dídùn lè ti inú ìkòkò jáde. Ẹ po ẹ̀gúsí lílọ̀ agolo 1 mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi sí i ní díẹ̀díẹ̀ kí ó lè dì. Ẹ fi ẹja ṣáwá tí a yan, tí a ti yọ egungun rẹ̀, sí i. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ da ẹ̀fọ́ náà sí i, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ lórí iná. Ẹ̀fọ́ tí a bá sè títí tí ó fi ṣú, ìkòkò ni ó jẹ èrè rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́ tán, kí ó mu ọsàn bí ó bá jẹ́ ìgbà ọsàn, tàbí kí ó jẹ ìbẹ́pẹ. Fítámì C inú èso a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Kí a má ṣe fi tíì mu ún lé e lórí lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ń dí èròjà yìí lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni àsáró iṣu, láti oṣù kẹjọ lọ. Ẹ bẹ iṣu, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Nígbà tí ó bá rọ̀, ẹ fi epo pupa sí i, ẹ fi orí omorogùn tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè ki, kí ẹ sì rẹ́ ẹ̀fọ́ gbúre tàbí ẹ̀fọ́ mìíràn lé e lórí kí ẹ tó sọ̀ ọ́. Níhìn-ín ni a fẹ́ bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀. Ní ilé púpọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ni ẹja ń lọ, omi ọbẹ̀ ni ó ń kan ọmọ. Wọ́n tún ń sọ látijọ́ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin, yóò jalè. Ẹ jẹ́ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ara ọmọ ni ó ń dàgbà, tiwa ti dàgbà tán.

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe sísè, ìpamọ́ ni. Nígbà ọyẹ́, tí tòmátò bá pọ̀ tí oòrùn sì mú, ẹ gé tòmátò tí ó gbó dáadáa ní pẹlẹbẹ, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ sá a sínú oòrùn lórí ohun tí ó mọ́, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin àti eruku. Ẹ máa kó o wọlé ní alẹ́. Nígbà tí ó bá gbẹ tí ó ń dún kó-kó, ẹ kó o sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí. Ní oṣù keje, ẹ̀kúnwọ́ kan tí a bá rẹ sínú omi yóò ṣe iṣẹ́ nínú ọbẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó bá ṣe èyí kò tún ní bá ẹnikẹ́ni du tòmátò lábẹ́ òjò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ nípa àwọn tí kò lè dúró de ìgbà. Nítorí pé a fẹ́ jẹ máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó pọ́n, àwọn oníṣòwò kan ń já wọn ní tútù, wọ́n sì ń fi kábáídì, èyí tí àwọn ajórin ń lò, mú wọn pọ́n. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé èyí léwu, nítorí májèlé bí arsenic a máa wà nínú kábáídì náà. Èso tí awọ ara rẹ̀ bá pọ́n dọ́gba-dọ́gba bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún, tí inú rẹ̀ sì le tí kò dùn, ẹ fura sí i. Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí oníbàárà bá dúró de ìgbà èso, kò ní sí èrè fún ẹni tí ń fi kábáídì tan ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá léèrè pé, ìyá tí ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó ní láti wọ ọkọ̀ láti Ìkòtún dé Erékùṣù Èkó, tí kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbà wo ni yóò rẹ ẹ̀wà, ìgbà wo ni yóò rẹ́ ẹ̀fọ́? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fi ẹ̀sùn kan ìyá bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ni ó dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sílẹ̀, òun kọ́ ni ó sì ń mú iná mànàmáná lọ tí ọbẹ̀ fi ń kan nínú fíríìjì. Indomie, bí àwọn ará ọjà ti ń pe gbogbo irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, a máa yọ irú ìyá yìí nínú wàhálà, kò sì burú bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó tún ń fi omi ṣúgà inú ìgò mu ún, ìyàn tí ó yó ni ó ń mú un. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti gbé owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú omi ṣúgà bẹ́ẹ̀ nípa òfin ìnáwó ọdún 2021, nítorí àrùn tí ń bá a rìn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí iṣẹ́ ìdáná má ṣe jẹ́ ti ìyá nìkan. Bàbá lè ra àgbàdo bí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọmọ ọdún 10, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, lè ṣa ẹ̀wà kí ó sì rẹ ẹ́. Ilé tí gbogbo ọwọ́ bá ti wà nínú ìkòkò, oúnjẹ á tètè jinná.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ fi bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan kọ́ sí ara ògiri kíláàsì yín, kí oṣù 12 wà lórí rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí lọ́jà sí abẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ fi iye náà kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì. Bí kò bá sí ilẹ̀, ike ọ̀dà àti àpò sìmẹ́ǹtì tí a bu iyẹ̀pẹ̀ sí tó. Tẹ̀tẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5 lọ kí ó tó ṣeé já, kò tilẹ̀ ní pé sáà ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ yóò fi gbìn ín, tí yóò bomi rin ín, tí yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbin ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ kì í sábà kọ̀ ọ́ nínú àwo. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ẹ ya ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí ó wà ní ìgbà rẹ̀ lóṣù náà. Orílẹ̀-èdè Japan ṣe òfin ní ọdún 2005 pé kí a máa kọ́ ọmọ nípa oúnjẹ bí a ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí orílẹ̀-èdè tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò bá fojú kéré rẹ̀, kí ni àwa yóò fojú kéré rẹ̀ sí?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń ti ilé dé ilé wá ìbò, ẹ sì mọ̀ pé ìbò Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ohun tí olóyè kan lè fi ṣeré ní Èkó. Láti ìgbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ pé inú ikùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìdàgbàsókè ti di orin lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Àpò ìrẹsì kékeré tí wọ́n ń pín kò lè tó ọmọ jẹ fún ọdún 4. Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè ju èyí lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjà Oúnjẹ Èkó ní ọjọ́ Àìkú, níbi tí ó ti dín 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí iye oúnjẹ nígbà náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pé kí irú ètò bẹ́ẹ̀ má mọ sí ìrẹsì àti gàrí nìkan, kí ó máa kó ẹ̀fọ́, àgbàdo, èso àti ẹ̀wà wá sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándó ní ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá pọ̀ lóko. Ẹ béèrè gọ́tà tí omi lè gbà kọjá lójú ọjà, òrùlé tí ẹ̀fọ́ kò fi ní rọ sínú oòrùn, àti ilé tútù tí tòmátò kò ní jẹrà sí.

Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2012, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sán. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2016, ìpinnu rẹ̀ sì ni pé ọwọ́ àgbẹ̀ ilé ni kí a ti máa ra oúnjẹ náà. Ní ilẹ̀ Brazil, òfin ọdún 2009 pàṣẹ nígbà náà pé, ó kéré tán, 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń fi sílẹ̀ fún oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Ibi tí òfin bá ti wà báyìí, àgbẹ̀ mọ ẹni tí yóò ra nǹkan rẹ̀, ọmọ sì ń jẹ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ìwé ìpolongo ìbò tí kò bá sọ ohun tí olùdíje yóò ṣe nípa èyí, ẹ dá a padà fún un kí ó lọ tún un kọ.

A kò sọ pé àdàlú àti ẹ̀fọ́ yóò mú ìṣẹ́ kúrò ní ilẹ̀ wa. Ìṣẹ́ kò ní lọ bí owó oṣù bá kéré tí owó ọkọ̀ sì pọ̀, a kò sì ní dẹ́kun láti máa bá àwọn tí ó wà lórí oyè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dúró de ohun tí ìjọba yóò ṣe, ọmọ kò dúró. Ó ń dàgbà lórí ohun tí ó bá bá nínú àwo. Egungun tí kò bá le ní ọdún yìí, owó tí a bá rí lẹ́yìn ọdún 10 kò lè padà lọ mú un le. Òjò ń mú tirẹ̀ wá, ẹ̀ẹ̀rùn ń mú tirẹ̀ wá, iye tí ó kéré ni wọ́n sì ń gbà nígbà tí wọ́n bá wá. Bí ẹ bá tún dé ọjà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó pọ̀ lónìí kí ẹ tó béèrè ohun tí ẹ bọ̀ wá rà.